Ohun tí Búlọ́wà Bàbá Àgbà Ń Wí

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ pé owú ni mo fi mọ Bàbá Àgbà. Àwọn ọmọọmọ yòókù tí wọ́n péjọ níbi àdúà fídáù wọn rántí bisikíìtì tí wọ́n máa ń mú jáde lápò, wọ́n rántí bí wọ́n ṣe ń fọwọ́ pa àwọn lórí tí wọ́n bá ń ṣàdúà fún wọn. Èmi rántí gbogbo ohun tí wọ́n fún ẹlòmíràn tí wọn ò fún mi. Mo jowú èèyàn, mo jowú ẹ̀rọ. Lọ́jọ́ tá a sin wọ́n, bí wọ́n ṣe ń bu erùpẹ̀ lé wọn lórí, kọ́kọ́rọ́ kékeré kan tí kò sí lọ́rùn wọn mọ́ ni mò ń rò. Ọlọ́hun mọ̀ pé mi ò parọ́, ó kéré tán lórí èyí.

Ìdílé alágbẹ̀dẹ n'Ílọrin ni wọ́n ti wá, ṣùgbọ́n Kumasi ní Gánà ni wọ́n ti lo ayé wọn. Àdúgbò Asawase là ń gbé, ṣọ́ọ̀bù wọn sì wà ní Súámè láàárín àwọn mọkáníìkì. Àlòkù irin ni wọ́n ń yọ́ níbẹ̀, pàápàá àwọn ẹ́ńjìnì ọkọ̀ tó ti kú. Wọ́n á da irin yíyọ́ náà sínú yanrìn, á di ojú ọlọ tí wọ́n ń fi sínú ẹ̀rọ tó ń lọ àgbàdo, èyí tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní nika-nika. Irin kì í yọ́ bí òrí. Iná ńlá ló ń fẹ́, iná ńlá sì ń fẹ́ afẹ́fẹ́ tí kì í dáwọ́ dúró. Búlọ́wà ló ń fún un ní afẹ́fẹ́ náà, láti inú páìpù kan tó wọ ìdí iléru. Nítorí ẹ̀ ni gbogbo Súámè ṣe ń pè wọ́n ní Agya Búlọ́wà, bí ìgbà téèyàn ní Bàbá Oníbúlọ́wà lédè Twi. Àwa ọmọọmọ tí wọ́n bí sí Gánà ń pè wọ́n ní Nana, bí wọ́n ṣe ń pe bàbá àgbà níbẹ̀. Wọ́n jà títí pé àwọn kì í ṣe Nana ẹnikẹ́ni, ó sú wọn, wọ́n ń dáhùn.

Ìyá Àgbà ló kọ́kọ́ jowú búlọ́wà yẹn, ọ̀dọ̀ wọn ni mo ti jogún ẹ̀. Ní gbogbo ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, Bàbá Àgbà á tú àgbá tó ń yí nínú ẹ̀ jáde, wọ́n á fi aṣọ àtijọ́ wé e, wọ́n á gbé e wálé nínú tákísí. Ní àárọ̀ Jímọ̀, kí wọ́n tó wẹ̀ láti lọ kírun, wọ́n á jókòó ti àgbá náà nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n á máa ha eruku èédú kúrò lára abẹ̀bẹ̀ ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Inú bàsíà tí Ìyá Àgbà fi ń fọ ìrẹsì ni wọ́n ti ń fọ̀ ọ́.

"Orogún mi dé," Ìyá Àgbà á wí. "Ẹ bá mi gbé ìjókòó fún un."

"Bí eruku bá pọ̀ lápá kan ju apá kejì lọ, kò ní í lè yí jẹ́ẹ́," Bàbá Àgbà á dáhùn. "Á máa gbọ̀n. Gbígbọ̀n yẹn ló ń ba inú ẹ̀ jẹ́."

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ìgbà tí eruku wúwo lápá kan, ẹ ò mọ̀ pé ilẹ̀kùn ilé ìdáná mi ti ń fi ẹsẹ̀ kan dúró láti ìgbà Iléyá."

Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọn ò ní í gbójú sókè. Àgbá náà á máa tàn nínú oòrùn àárọ̀ ju gbogbo abọ́ ilé wa lọ. Ilẹ̀kùn náà wà bẹ́ẹ̀ títí ó fi ṣubú lu adìẹ kan. Ohun tí Bàbá Àgbà wí lọ́jọ́ náà, ẹnu Ìyá Àgbà ni mo ti ń gbọ́ ọ títí di òní: "Àmọ̀kẹ́, ilẹ̀kùn ò bọ́ ẹnikẹ́ni rí."

Àwọn ará àdúgbò ní Bàbá Àgbà gbéraga. Èèyàn á kí wọn lẹ́yìn nígbà mẹ́ta, wọn ò ní í yíjú. Bàbá Sálíù, oníṣòwò aṣọ kan tí òun náà jẹ́ ará Ìlọrin, kí wọn lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí níṣojú gbogbo jàmáà. Bàbá Àgbà kọjá lọ bí ẹni pé ògiri ló sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ náà di ńlá. Bàbá Sálíù ò jẹ ẹran Iléyá wa lọ́dún yẹn, ó dá a padà pẹ̀lú abọ́. Bàbá Àgbà lọ bá a nílé láti bẹ̀ ẹ́, wọ́n mú mi dání. Mo retí pé wọ́n á ṣàlàyé nǹkan kan, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n sọ, wọ́n sì tẹjú mọ́ ẹnu ọkùnrin náà bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá síwájú mi kẹ́ ẹ tó kí mi."

Mallam Sule ni ọ̀rẹ́ tí wọ́n ń bá jà jù. Alágbẹ̀dẹ Hausa ni, ọjà Alabar ló ti ń rọ ọkọ́ àti ọ̀bẹ, ẹwìrì aláwọ ewúrẹ́ ló sì fi ń fínná láti kékeré. Ní ọjọ́ Sátidé, á wá jókòó sí ṣọ́ọ̀bù wa, á máa bú búlọ́wà.

"Kai, Alfa, iska ta Allah ce," á wí. Ó ń sọ pé ti Ọlọ́hun ni afẹ́fẹ́. "Èèyàn ló yẹ kó máa fínná. Èèyàn mọ ìgbà tí irin fẹ́ púpọ̀, ó mọ ìgbà tó fẹ́ díẹ̀. Ẹ̀rọ tìẹ mọ kí ni?"

"Èèyàn ń mí, Sule," Bàbá Àgbà á wí. "Ìyẹn ni wàhálà ẹ̀. Ó fẹ́ ẹ, ó sinmi, ó fẹ́ ẹ, ó sinmi. Bó ṣe ń sinmi yẹn, irin ń tutù, èédú ń jóná lásán. Tèmi kì í sinmi. Bí mo bá sì fẹ́ kó rọra, mo ti pátákó ẹnu páìpù yìí díẹ̀. Ẹwìrì ẹ lè ṣe ọkọ́, mo gbà. Ṣé ó lè yọ́ ẹ́ńjìnì lọ́rì?"

"Bí wọ́n bá wá mú iná lọ ńkọ́?"

 Àsìkò yẹn, ọ̀dá ti mú kí omi odò tó ń fún wa níná mànàmáná fà, iná lè lọ fún odindi ọjọ́ mẹ́ta. Ní Sátidé tó tẹ̀lé e, iná ò sí, gbogbo Súámè dákẹ́, àwọn òṣìṣẹ́ jókòó sórí táyà. Mallam Sule gbé ẹwìrì ẹ̀ wọlé lórí èjìká, ó gbé e kalẹ̀ síwájú búlọ́wà, ó ní, "Alfa, mo mú èémí wá fún ọ." Bàbá Àgbà rẹ́rìn-ín débi pé omi jáde lójú wọn. Wọ́n ní, "Sule, gbé e padà, kí ewúrẹ́ tó ni awọ náà má bàa wá bi mí."

Ráúfù ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹ̀ báyìí, ó sì nira fún mi. Ọmọ àbúrò bàbá mi ni. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo fi jù ú lọ, mi ò sì gbàgbé ọjọ́ mẹ́sàn-án yẹn rí. Nígbà tá a jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀bù nígbà họlidé, òun ni wọ́n fún ní sípánà, èmi ni wọ́n fún ní asẹ́ kí n máa sẹ́ yanrìn. Bí wọ́n bá ń tú búlọ́wà, òun ló ń gbé iná tọ́ọ̀ṣì dání. Ó mọ ìdí tí ara ẹ̀ ṣe ká bí ìkarawun ìgbín. Mo mọ̀ pé ó mọ̀ ọ́n nítorí pé ó máa ń dákẹ́ tí mo bá ń béèrè.

Àárọ̀ ọjọ́ kan, lẹ́yìn ìrun àsùbá, mo gbé kóko, ẹ̀kọ mímu gbígbóná, fún Bàbá Àgbà. Wọ́n ní kí n jókòó. Wọ́n ki ṣíbí bọ inú igbá, wọ́n rò ó yíká kíákíá.

"Wò ó. Kóko ń sá lọ sétí igbá. Àárín ẹ̀ ń jìn. Búlọ́wà ò ju bẹ́ẹ̀ lọ, Àṣàkẹ́. Abẹ̀bẹ̀ ń yí nínú ẹ̀, ó ń ju afẹ́fẹ́ sétí. Àárín ṣófo, afẹ́fẹ́ ìta á sáré wọlé wá dí i, òun náà á tún di jíjù. Ìkarawun yẹn ló ń kó gbogbo ohun tó jù jọ. Ó ń fẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí dé ẹnu páìpù, kí afẹ́fẹ́ má bàa há mọ́ ara wọn."

Inú mi dùn débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá wọn mọ́ra. Èmi nìkan ni wọ́n pè, èmi nìkan ni wọ́n rò kóko fún. Mo wá ṣe àṣìṣe, mo béèrè pé, "Nana, ṣé ẹ ti fi han Ráúfù?"

"Láti ọdún tó kọjá."

Wọ́n rí i pé ojú mi yí padà. Wọ́n ti igbá náà sọ́dọ̀ mi. Wọ́n ní, "Mu ún. Ó ń tutù."

Ohun kan ṣoṣo ló jẹ́ tèmi. Láti ìgbà tí mo ti wà ní ọmọ ọdún méje, tí mo bá ti wà ní ṣọ́ọ̀bù ní àárọ̀, ẹnikẹ́ni ò ní í ṣiṣẹ́ títí tá a ó fi ṣe é. Bàbá Àgbà á yọ kọ́kọ́rọ́ kékeré kan lọ́rùn wọn, okùn dúdú ni wọ́n fi so ó, wọ́n á ṣí àpótí súwíìṣì. Wọ́n á tan búlọ́wà. Á kọ́kọ́ kùn, ohùn ẹ̀ á máa gòkè, gòkè, títí á fi rí ibi dúró sí. Wọ́n á wá kọjú sí mi.

"Àṣàkẹ́, kí ló ń wí?"

Bí eré ló ṣe bẹ̀rẹ̀. Mo lè sọ pé ó ní òun ò sùn dáadáa, tàbí pé ó ní kí wọ́n ra bàtà fún mi. Nígbà tó yá, etí mi mọ̀ ọ́n lóòótọ́. Bí eruku bá ti pọ̀ lára abẹ̀bẹ̀, ohùn ẹ̀ ń tiro. Bí gíríìsì bá gbẹ nídìí irin tó ń yí, ó ń sunkún wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Mo máa ń sọ bẹ́ẹ̀, wọ́n á sì lọ tààrà síbi tí mo wí. Bí gbogbo ẹ̀ bá dára, mo máa ń ní, "Ara ẹ̀ le, Nana," wọ́n á ní, "Ó tó bẹ́ẹ̀," wọ́n á pariwo fún Kwaku, òṣìṣẹ́ àgbà wọn, pé kó da èédú sí iléru. Mo rò pé wọ́n ti mọ ìdáhùn kí wọ́n tó béèrè. Mo rò pé eré ọmọdé ni wọ́n ń bá mi ṣe, nígbà tí wọ́n ń bá Ráúfù ṣiṣẹ́ àgbà.

Ọdún tí mo parí sẹ́kọ́ńdìrì, Bàbá Àgbà kéde pé bí ààwẹ̀ bá parí, àwọn máa jókòó sílé. Wọn ò sọ ẹni tí kọ́kọ́rọ́ máa bọ́ sí lọ́wọ́. Kò sí ẹni tó béèrè, torí pé kò sí ẹni tí kò mọ̀. Mo fẹ́ kọ́kọ́rọ́ yẹn débi pé mo máa ń lá a lálàá. Mo mọ̀ pé obìnrin kì í ṣe alágbẹ̀dẹ nílé wa, mo sì mọ̀ pé ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo fi jù ú lọ.

Ní àsìkò yẹn gan-an ni Màmá Ṣadé, ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń gbé ní Santasi, ní kí wọ́n bá òun ṣe ojú ọlọ púpọ̀ fún àwọn oníbàárà ẹ̀ lápá òkè Gánà. Kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ́ńjìnì iná tó ń yí búlọ́wà nílò àtúnṣe. Fún ìgbà àkọ́kọ́, Bàbá Àgbà fi gbogbo ẹ̀ lé Ráúfù lọ́wọ́. Òun nìkan ló tú u, òun ló tò ó padà, òun ló so wáyà.

Wáyà mẹ́ta ló ń gbé iná wá sí i. Bí èèyàn bá ṣi méjì so, ó fi ìkíní sí ipò ìkejì, ẹ̀rọ náà á máa yí sẹ́yìn. Fáànù ojú fèrèsé, bó bá yí sẹ́yìn, fífà ló máa ń fa afẹ́fẹ́, ojú ẹsẹ̀ lèèyàn á mọ̀. Búlọ́wà ò rí bẹ́ẹ̀. Bó yí síwájú, bó yí sẹ́yìn, jíjù náà ló ń ju afẹ́fẹ́ sétí, ẹnu páìpù kan náà ló sì ń gbà jáde. Àmọ́ agbára ẹ̀ á ti lọ ju ìdajì. Ẹni tó bá gbọ́wọ́ síwájú ẹ̀ á ní afẹ́fẹ́ wà.

Ohun tí Kwaku wí gan-an nìyẹn. Ó gbọ́wọ́ sẹ́nu páìpù, ó ní, "Agya, mframa no wɔ hɔ." Ó ń sọ pé afẹ́fẹ́ wà.

Ṣùgbọ́n mo ti gbọ́ ọ. Ohùn ẹ̀ ò rí ibi dúró sí. Ó tín-ín-rín, ó ń gbọ̀n bí ẹni tí òtútù mú. Ráúfù dúró níbẹ̀, òróró wà ní iwájú orí ẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Bàbá Àgbà gbé ọwọ́ lé e léjìká. Wọ́n kọjú sí mi.

"Àṣàkẹ́, kí ló ń wí?"

Mo wo ọwọ́ wọn léjìká ẹ̀. Wọn ò gbé ọwọ́ lé mi léjìká bẹ́ẹ̀ rí. Mo fẹ́ kí irin náà yọ́ ìyọ́kúyọ̀ọ́, kí gbogbo èèyàn béèrè ẹni tó so wáyà, kó ṣẹlẹ̀ kí ààwẹ̀ tó dé. Àárọ̀ ọjọ́ kan péré ni mo fẹ́. Mo ní, "Ara ẹ̀ le, Nana."

"Ó tó bẹ́ẹ̀," wọ́n wí.

Irin náà jáde bí ògì tó ti dì. Kò dé gbogbo inú yanrìn kó tó le. Ojú ọlọ tá a hú jáde, ihò ihò ni. Bàbá Àgbà ní èédú ni, torí òjò ti ń rọ̀. Wọ́n pààrọ̀ èédú. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n béèrè lọ́wọ́ mi, mo tún ní ara ẹ̀ le. Inú mi ò dùn mọ́ nígbà yẹn, ṣùgbọ́n bí mo bá sọ òótọ́ lọ́jọ́ kejì, wọ́n á bi mí ní ti ọjọ́ àkọ́kọ́. Lọ́jọ́ yẹn, irin sùn sínú iléru, ó dì mọ́ ọn. Wọ́n ní láti fi òòlù fọ́ ògiri iléru kí wọ́n tó lè yọ ọ́. Bàbá Àgbà náà di òòlù mú. Mo rí ọwọ́ wọn nígbà tí wọ́n ń ṣe àlùwàlá Àsárì, ó ti bó.

Ẹ̀yìn ọjọ́ díẹ̀, bí amọ̀ iléru tuntun ṣe ń gbẹ, Màmá Ṣadé dé. Lọ́rì tó fẹ́ fi kó ẹrù ń dúró lójú títì.

"Bàbá, àwọn èèyàn yìí ti ń retí mi," ó ní. "Kí ló ṣẹlẹ̀? Iṣẹ́ ọwọ́ yín kọ́ rèé. Ta ló ṣe é?"

Mo wo Ráúfù. Mo ti ń dúró de ìbéèrè yẹn.

"Ọwọ́ mi ni, ìyá," Bàbá Àgbà wí. "Èmi ni mo yan èédú. Èmi ni mo so ẹ̀rọ. Àgbà ti ń dé."

Màmá Ṣadé mi orí, ó lọ gbé iṣẹ́ náà fún ṣọ́ọ̀bù mìíràn. Ráúfù bọ́ sẹ́yìn iléru, ó ń sunkún. Èmi? Mo tún jowú ìyẹn náà. Kò sí ẹni tó parọ́ nítorí tèmi rí.

Ọjọ́ tí wọ́n tún máa dáná ni mi ò lè mú un mọ́ra mọ́. Wọn ò tíì béèrè tí mo fi sọ ọ́, mo sì sọ ọ́ sókè kí gbogbo ṣọ́ọ̀bù lè gbọ́.

"Nana, ó ń yí sẹ́yìn."

Wọ́n pa á. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ síbi ihò tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, wọ́n wo àgbá náà títí ó fi dúró. Wọ́n pààrọ̀ wáyà méjì, wọ́n tún tan án. Eérú tú jáde nínú iléru títí kan páànù òrùlé, Kwaku fò sẹ́yìn. Ẹnikẹ́ni ò ṣẹ̀ṣẹ̀ ní láti gbọ́wọ́ sí i. Bàbá Àgbà ò wo iléru. Èmi ni wọ́n ń wò.

"Ìgbà wo lo kọ́kọ́ gbọ́ ọ?"

"Àárọ̀ yìí ni."

"Kò sí ọjọ́ kankan ṣáájú òní?"

"Rárá, Nana."

Wọ́n sún mọ́ mi. Wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ wọn méjèèjì tó bó bo etí mi lápá ọ̀tún àti lápá òsì, wọ́n dì í mú bẹ́ẹ̀ fúngbà díẹ̀. Mo rò pé wọ́n fẹ́ gbá mi ni. Wọ́n ní, "Ó dáa."

Láti ọjọ́ yẹn, wọn ò bi mí mọ́ pé kí ló ń wí. Wọ́n wá ń ṣe nǹkan mìíràn. Wọ́n á gbé orí ọ̀pá irin kan ti ara búlọ́wà, wọ́n á fi eyín di orí kejì mú, wọ́n á di ojú. Kwaku àtàwọn yòókù ń rẹ́rìn-ín, mo bá wọn rẹ́rìn-ín. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n pe bàbá mi, wọ́n ní kí n lọ sílé ìwé àwọn tíṣà, kí n má sì tún ẹsẹ̀ mi gbé wá sí ṣọ́ọ̀bù. Bàbá mi ń fẹ́ kí n wá máa bá òun tajà ní Alabar. Wọ́n jà lórí ẹ̀ débi pé ohùn wọn dé ilé Bàbá Sálíù. Bàbá Àgbà borí. Àwọn fúnra wọn ló sìn mí dé ibùdó ọkọ̀. Lílé ni mo pè é. Mi ò bojú wẹ̀yìn nígbà tí ọkọ̀ gbéra. Lẹ́yìn ààwẹ̀, mo gbọ́ pé kọ́kọ́rọ́ ti bọ́ sọ́rùn Ráúfù.

Mo di tíṣà ní Sunyani. Iléyá nìkan ló ń gbé mi wálé. Ní gbogbo ìgbà tí mo bá wá, nǹkan kan wà tí Bàbá Àgbà máa ń ṣe, tí gbogbo ilé kà sí ìwà ọmọdé tó ń padà sára àgbàlagbà. Bí mo bá jókòó, tí mo kọ ẹ̀yìn sí wọn, wọ́n á yọ́ wá, wọ́n á fi ìka lu kọ́ọ̀pù lẹ́yìn mi, jẹ́jẹ́. Mo máa ń yíjú pẹ̀lú ìbínú. Ojú wọn á tàn. Wọ́n á ní, "Alhamdulillahi. Máa jẹun."

Lẹ́yìn fídáù ọjọ́ kẹjọ, Ráúfù ní kí n tẹ̀ lé òun lọ sí Súámè. Ó ti bí ọmọ mẹ́ta, ikùn ẹ̀ ti yọ. Kọ́kọ́rọ́ náà wà lọ́rùn ẹ̀, okùn dúdú àtijọ́ yẹn náà ni. Mo ń wò ó ní gbogbo ọ̀nà nínú ọkọ̀ trotro.

Nígbà tá a dé ṣọ́ọ̀bù, ó jókòó sórí táyà. Ó fi orúkọ tí wọ́n sọ mí pè mí, ó ní, "Sàfúrá, etí Nana ti di. Ó ti di tipẹ́, wallahi. Òòlù àti ẹ̀rọ ti jẹ etí wọn láti ìgbà tá a ṣì wà ní kékeré. Ẹnu lásán ni wọ́n ń wò. Ọjọ́ kan ni mo pariwo lẹ́yìn wọn pé irin ń dà sílẹ̀, wọn ò yà, mo ní láti fà wọ́n. Wọ́n ní kí n búra pé mi ò ní í sọ fún ẹnikẹ́ni títí wọ́n á fi kú."

"Ta ló wá ń gbọ́ búlọ́wà fún wọn?"

"Ìwọ mà ni. Ta ni wọ́n ń bi? Ìgbà tí wọn ò bi ẹ́ mọ́ ni wọ́n wá ń fi eyín di ọ̀pá irin mú, kí gbígbọ̀n ẹ̀ lè dé orí wọn."

Mo wo àpótí súwíìṣì. Mi ò lè wo ojú ẹ̀. "Kí ló wá dé tí wọ́n fi dáwọ́ dúró?"

"Nítorí ọ̀rọ̀ wáyà tí mo ṣi so yẹn. Wọ́n ní Àṣàkẹ́ ò ní í parọ́ fún àwọn láé. Tí kò bá gbọ́ ọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, tí kò gbọ́ ọ lọ́jọ́ kejì, a jẹ́ pé etí òun náà ti ń lọ nìyẹn. Wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù yìí ti gba tàwọn, kò ní í gba tìẹ. Ìdí tí wọ́n fi ní kó o lọ nìyẹn." Ó nu ojú ẹ̀. "Mo jowú ẹ gan-an, paa. Gbogbo ọdún tí mo fi wà níbí, wọn ò bi mí rí pé kí ló ń wí."

Ó dìde, ó yọ kọ́kọ́rọ́ lọ́rùn, ó ṣí àpótí. Ó tan án. Búlọ́wà kùn, ohùn ẹ̀ gòkè títí ó fi rí ibi dúró sí, bó ṣe máa ń ṣe. Ráúfù kọjú sí mi.

"Kí ló ń wí?"

"Mo gbọ́ ọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́," mo wí.

Ó tẹ orí sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ń wo ẹnu mi. Nígbà náà ni mo rí i pé bí Bàbá Àgbà ṣe máa ń dúró ló dúró yẹn. "O ní kí ni?"

Mo bọ́ síwájú ẹ̀, mo la ẹnu dáadáa, mo tún un wí sókè débi pé Kwaku tó ń sẹ́ yanrìn lódìkejì ṣọ́ọ̀bù dáwọ́ dúró. Ráúfù ṣì ń wo ẹnu mi. Ó na ọwọ́ sẹ́yìn, ó pa búlọ́wà. Àgbá náà ń yí, ó ń rọlẹ̀, ó dúró. Kò sí ariwo kankan tó kù ní ṣọ́ọ̀bù nígbà tí mo sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta.

"Mo gbọ́ ọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Mo parọ́ fún Nana, wọ́n sì gbà mí gbọ́."